Ojú Àbíkẹ́yìn Tí Ẹbí Pín

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ara. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ojú méjì, imú kan àti ẹnu kan sí orí olúkúlùkù wa, tí kò sì pe ẹbí kankan jọ kí ó tó ṣe é. Ká ní ó pè wọ́n ni, ìpàdé yẹn ì bá má tíì parí títí di òní.

Ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo ilé ń pè ní Àbíkẹ́yìn, nítorí òun ni ìyá rẹ̀ bí kẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ṣùgbọ́n nínú ẹbí náà, àbíkẹ́yìn kì í dàgbà. Ọdún rẹ̀ nìkan ló ń pọ̀ sí i. Ilé ìtajà awò ojú ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó níwájú oníbàárà, orúnkún kan orúnkún, kí ó fi ọ̀pá ìwọ̀n wọn ojú rẹ̀, kí ó gbé awò tuntun lé imú rẹ̀, kí ó rọra tẹ apá awò náà lẹ́yìn etí títí kò fi ní ha ẹni náà mọ́. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gidigidi. Bí bàbá àgbàlagbà kan bá gbójú sókè, tó ka lẹ́tà tó kéré jù lára ògiri, tó sì bú sẹ́rìn-ín, inú Àbíkẹ́yìn á dùn débi pé yóò máa kọ orin ìyìn sínú títí di ìgbà tí wọ́n bá tilẹ̀kùn.

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni irorẹ́. Irorẹ́ bo ojú ọmọ náà láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Nítorí pé òun ló sì ń jókòó síwájú oníbàárà, ojú rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń fi awò tuntun rí.

"Yéè!" ni ìyáàfin kan tó jẹ́ olùkọ́ ké lọ́jọ́ kan. "Ọmọ yìí, kí ló jẹ ọ́ lójú báyìí?"

"Irorẹ́ ni, mà."

"Ìsinsìnyí ló yọ?"

"Rárá, mà. Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Gíláàsì yín ló ń ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá gbọ́ igbe náà láti inú yàrá rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà lọ tán, ó pe Àbíkẹ́yìn.

"Ọwọ́ rẹ dára," ni ó wí. "Ojú rẹ ni kò bá ọwọ́ rẹ dọ́gba. Mo ṣì ń dán ọ wò ni, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí ojú yẹn kò bá dán, ìdí ẹ̀rọ ni mo máa gbé ọ lọ."

Ìdí ẹ̀rọ ni yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń gé gíláàsì. Kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń ké láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, eruku funfun ń bo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí í rẹ́rìn-ín síni níbẹ̀ pé òun ti ríran. Àbíkẹ́yìn sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó bọ́jú, ó sì gba àyè lọ rí dókítà awọ ara.

Obìnrin ni dókítà náà, kì í sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fún un ní oògùn ìpara nínú ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀.

"Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní ìrọ̀lẹ́. Fi pa gbogbo ojú, kí ó fẹ́lẹ́. Má fi nǹkan mìíràn kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ lè pọ́n, ó lè máa bó, ó tilẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó ń burú sí i. Má bẹ̀rù. Ọ̀sẹ̀ méjìlá."

"Dókítà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀gá mi fún mi."

"Awọ ara kò mọ ọ̀gá rẹ. Ṣé ẹlòmíràn ti fún ọ ní ohun tí o máa fi pa á?"

"Rárá o, mà."

"Wọ́n ń bọ̀," ni dókítà wí, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà ẹbí náà fún yín. Ẹnikẹ́ni kì í kọ ohun tí àgbà bá fún un níbẹ̀. Bí àgbà bá fún ọ ní bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ rẹ, wàá kúnlẹ̀ dúpẹ́, wàá wọ̀ ọ́, wàá sì máa tiro lọ títí dé ibi tí kò ti ní rí ọ mọ́. Wọ́n ní ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ni lóòótọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń bó.

Kí Àbíkẹ́yìn tó jókòó nílé, ìyá rẹ̀ ti po oyin mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú abọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Màmá Ńlá, gbé ìpara orúnkún rẹ̀ wá, èyí tó ń ta bí ata, tí òórùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. "Bí ó bá lè lé ìrora kúrò nínú egungun," ni Màmá Ńlá wí, "kí ni irorẹ́ já mọ́?" Ní ọjọ́ Àìkú, olórí ẹgbẹ́ akọrin, tí Àbíkẹ́yìn ń kọrin lábẹ́ rẹ̀ láti kékeré, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kó ọṣẹ ìfọyín lé e lọ́wọ́. Ó ní ọṣẹ náà ni òun fi pa irorẹ́ tòun run lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó òun.

Olúkúlùkù wọn ló sì sọ ọ́ pé, "Tèmi nìkan ni kí o lò o!"

Kí ni ọmọ náà ó ṣe? Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn ojú ènìyàn. Ó bá jókòó síwájú dígí, ó gbé ọ̀pá ìwọ̀n, ó sì wọn ti ara rẹ̀. Ó pín in bí a ti í pín ilẹ̀ ìní fún àwọn ẹ̀yà. Iwájú orí di ti Màmá Ńlá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún di ti ìyá rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì di ti olórí akọrin. Dókítà kì í ṣe ẹbí tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì mọ ilé wọn, nítorí náà àgbọ̀n ló kàn án.

Lẹ́yìn ìsìn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, àwọn olóore náà á pé jọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, olúkúlùkù á sì wá bẹ ìpín rẹ̀ wò.

"Gbé iwájú orí bọ̀ níbí," ni Màmá Ńlá á wí, á fi àtàǹpàkò pa á. "Ẹ wò ó! Ó ń dán bí àwo!"

"Epo ìpara yín ló ń dán, mà."

"Tì mí lẹ́yìn, ọmọ mi, má ba ìgbàgbọ́ jẹ́."

"Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì o," ni olórí akọrin á wí. "Ó ti funfun!"

"Ọṣẹ tí kò tíì kúrò tán ni, sà."

Ìyá rẹ̀ kò gbà fún ẹnikẹ́ni. "Ọ̀tún ló dára jù. Ẹ kò rí eṣinṣin mẹ́ta tó ń tẹ̀ lé e bọ̀ láti ilé? Bí ibẹ̀ kò bá dára, ṣé eṣinṣin á fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n á sì kọ orin ọpẹ́ kan lé e, wọ́n á túká.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, iwájú orí ti jó, ó pupa, ó sì ń bó. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn ti sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún di dúdú gẹ́gẹ́ bí ìdí ìkòkò. Ti òsì gbẹ, ó sán bí ẹrẹ̀ tí omi ti fà lórí rẹ̀. Àgbọ̀n nìkan ló ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rò pé ìyẹn á kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ó kọ́ wọn lọ́gbọ́n lóòótọ́: Màmá Ńlá ní ìpara òun ló ṣàn débẹ̀, ìyá ní oyin òun ló kán síbẹ̀, olórí akọrin ní bí ọmọ náà ti máa ń la ẹnu kọrin ló jẹ́ kí ọṣẹ òun wọ ibẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá Ńlá dìde nínú ìsìn, tí ìjọ ń kọ orin kan, tí òun sì ń kọ ti ojú ewé tó kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìyẹsẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé wọ́n mú un wá sí ilé ìtajà fún awò. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n gé gíláàsì, ó sì padà wá gbà á ní ọjọ́ Ẹtì. Àbíkẹ́yìn jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé awò náà lé e lójú, ó tẹ apá rẹ̀ síbi etí.

Màmá Ńlá ka lẹ́tà ara ògiri títí dé ìlà ìsàlẹ̀. Ó pariwo "Halelúyà!" tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá fi yọjú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ tó wà níwájú rẹ̀.

"Kí ló jó ọ níwájú orí?"

Àbíkẹ́yìn tún ń tẹ apá awò náà.

"Mo ní kí ló jó ọ? Omi gbígbóná ni?"

"Ìpara orúnkún ni, mà."

"Orúnkún ta ni?"

"Tiyín, mà."

Màmá Ńlá bọ́ awò náà, ó fi aṣọ nù ún, ó tún gbé e sójú, bóyá awò ló ń parọ́. Awò kò parọ́.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ fún mi, mà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Omi bọ́ lójú obìnrin náà lábẹ́ gíláàsì tuntun. "Olúwa ṣàánú fún mi," ni ó wí. "Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń dúpẹ́ lórí ohun tí n kò rí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe ìyá Àbíkẹ́yìn àti olórí akọrin jọ sí pálọ̀, ó gbé ọmọ náà sábẹ́ iná, ó sì ṣàlàyé. Ó ní láti òní lọ, gbogbo àwọn ni yóò kó ẹrù àwọn kúrò lójú ọmọ. Oògùn dókítà nìkan ló kù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ìyá wí, "bí ẹ bá ti kúrò níwájú orí, ṣé kí n kàn sún oyin mi gòkè díẹ̀?"

"Sún un lọ sórí búrẹ́dì!"

Olórí akọrin wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọṣẹ ìfọyín yìí ló yọ mí nínú ìtìjú lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi."

"Mo wà níbi ìgbéyàwó yẹn," ni Màmá Ńlá wí. "Ẹ̀yìn ìjọ ni mo jókòó sí, n kò ní awò, mo sì ń ka irorẹ́ rẹ láti ibẹ̀."

Bí ìpàdé ṣe tú ká nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, oògùn dókítà kúrò ní àgbọ̀n, ó gba gbogbo ojú. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Màmá Ńlá á sì pè lórí fóònù.

"Ẹ̀wà mélòó?"

"Ọ̀kan, mà."

"Ẹ̀wà ńlá ni àbí kékeré?"

"Kékeré, mà."

"Ọlọ́run á bùkún un."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù, kò sì rọrùn. Ojú náà bó, ó pọ́n, irorẹ́ tuntun mẹ́fà jáde bí ẹni pé wọ́n wá dágbére. Ó wu Àbíkẹ́yìn kí ó tẹ ìlọ́po méjì sọ́wọ́. Kò tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, jíjó iwájú orí ti lọ, àwọn irorẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rẹlẹ̀ tán, ọjọ́ pé.

Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá mú un lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó sì yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì.

"Ó sàn," ni ó wí. "Kò tíì dán."

"Òótọ́ ni, sà. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni dókítà wí. Márùn-ún nínú mẹ́jọ tí ẹ fún mi, mo fi tẹ́ àwọn ènìyàn lọ́rùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní mẹ́sàn-án sí i."

Ọ̀gá ronú. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì mú agolo pẹlẹbẹ kan jáde. "Ìyá ìyàwó mi ló ń po èyí. Gbà, máa fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan péré. Bí o bá ń lo tèmi, èmi náà á mọ̀ pé ọwọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mo sì lè fún ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn."

Ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní yàrá ẹ̀yìn. Ọwọ́ Àbíkẹ́yìn méjèèjì ti nà síwájú kí ó tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ sì ti ń tẹ̀ láti dúpẹ́, bí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré. Ó kó ọwọ́ náà padà sẹ́yìn.

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n n kò ní fi í pa ojú mi."

Ọ̀gá wò ó. Ó wo agolo. Ó tún wò ó.

"Tún un sọ."

Àbíkẹ́yìn rò pé iṣẹ́ ti bọ́. "Ẹ má bínú, sà..."

"Mi ò ní kí o bẹ̀bẹ̀. Mo ní kí o tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. Kí ló tẹ̀ lé 'inú rere ni' yẹn?" Ó ṣí fìlà rẹ̀. Orí rẹ̀ pá kodoro láti iwájú dé àárín. "Orí ni ìyá ìyàwó mi ní kí n máa fi pa. Ó ti di ọdún méjì. Ṣé o rò pé bó ṣe wà nìyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀? Wọ́n sì ń bọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Àìkú."

Àbíkẹ́yìn di ẹ̀rín mú pẹ̀lú agbára Ọlọ́run. "Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́, sà."

"Ẹ ṣé gan-an, mà. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n... ṣùgbọ́n n kò..."

"Ohùn yín ń gbọ̀n, sà. Wọ́n á ti ibẹ̀ wọlé."

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún ó sọ ọ́ já. Nígbà náà ni oníbàárà àkọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

"Lọ ṣí i," ni ọ̀gá wí, ó sì dé fìlà. "Iwájú ni kí o jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá sì lé mi nílé lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ lo kọ́ mi."

Ẹ̀yin tèmi, kí Ọlọ́run fún yín ní ara líle àti awọ tó jọ̀lọ̀. Kí ó fún yín ní àwọn tó fẹ́ràn yín, kí ó sì fún wọn ní ojú tí wọn yóò fi rí yín. Ọjọ́ tó bá sì tọ́ kí ẹ sọ pé "ẹ ṣé, ó tó", kí ohùn yín má gbọ̀n. Àmín.