Lẹ́tà Ọjọ́rú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ni ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú ní kí ìyàwó mẹkáníìkì àti ọkọ rẹ̀ yọjú, kí wọ́n jókòó síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n fẹnu ara wọn jẹ́rìí pé tọkọtaya ni àwọn lóòótọ́. Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì rẹ̀, ni lẹ́tà náà tó tẹ ìyàwó lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló mú un wá bá a ní yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì, níbi tó ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó yọ ọ́ nínú báàgì bí ẹni yọ áńkáṣíìfù.

"Ìyàwó wa, lẹ́tà yín rèé o. Abẹ́ ìkòkò òdòdó mi ló wà. Ojú mi ò tètè tó o."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọpẹ́ kí ni? Ṣebí ọ̀kan náà ni wá." Ó ti kọ ẹ̀yìn kí ó tó sọ ọ́ tán.

Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ẹnu àpòòwé náà ti là tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ padà. Ó ya á. Ó ka déètì tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó wá gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, bóyá kàlẹ́ńdà náà á ṣàánú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tí kò bá yọjú yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ìyá Ìbejì, tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ, na ọrùn wá. Ojoojúmọ́ ló máa ń fi ọ̀rọ̀ ìwé náà ṣe é ní yẹ̀yẹ́. "Oyún ìwé tìẹ yìí, erin gan-an kì í gbé e pẹ́ tó báyìí. Ṣé ó ti bí?"

"Ó ti bí," ni ìyàwó wí. "Àná ni wọ́n sin ín."

Ìyá Ìbejì mú aṣọ tó kù lórí tábìlì ìyàwó, ó kó o mọ́ tirẹ̀.

Ọdún méjì péré ni wọ́n sọ fún un pé ìwé náà máa gbà nígbà tó ń fẹ́ ọkọ yìí. Opó ni nígbà náà, ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó sì fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé kó tó wá bá ọkọ ní òkè òkun. Bí ìwé bá ti jáde, á lọ mú un wá. Ní ọdún kìíní, ọ́fíìsì dá fọ́ọ̀mù padà nítorí ọkọ gbàgbé láti fọwọ́ sí ojú ewé kan. Ní ọdún kẹta, wọ́n ní fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́ jù. Ní ọdún kẹrin, àyẹ̀wò ara tó ṣe kọjá ọjọ́ rẹ̀ nígbà tí fọ́ọ̀mù ṣì wà lórí ìlà. Láti ìgbà náà, èsì kan ṣoṣo ló ń gbọ́: ẹ máa retí wa. Ẹni tó sì ń retí kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan jáde, ilẹ̀kùn ti dé mọ́ ọn lẹ́yìn nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́rin wá di ọmọ ọdún mẹ́wàá. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń bèèrè lórí fóònù pé, "Màámi, ó ku oṣù mélòó?" Ìyá á ní kò ní pẹ́. Kò-ní-pẹ́ yìí pẹ́ títí ọmọ fi yéé bèèrè. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ohun tó sọ ni, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," bí ẹni ń kí tíṣà tuntun, ó sì gbé fóònù fún ìyá àgbà.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì ló fa ti ìkòkò òdòdó. Ilé ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí wọ́n kó jáde, ìyàwó fẹ́ yí àdírẹ́sì tó wà nínú fọ́ọ̀mù padà, ẹ̀gbọ́n sì faraya. "Ṣé ilé mi ń rùn ni?" Ta ni yóò dáhùn irú ìyẹn? Ìyàwó tó bá bá ẹ̀gbọ́n ọkọ jiyàn lórí àdírẹ́sì lónìí, lọ́la wọ́n á ní ó ń bá a du àbúrò rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sì lè bèèrè lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má baà ní ó yájú.

Síbẹ̀, ó ní ohun tó dùn mọ́ ọn nínú gbogbo ìretí náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni òun àti ọkọ máa ń fi ìbéèrè ìjọba dánra wò. Ọkọ á gbé ojú le bí òṣìṣẹ́, á fi ṣíbí ṣe bírò.

"Irú omi wo ni ìyàwó fi ń wẹ̀?"

"Èyí tí wọ́n fi ń tu ìyẹ́ adìẹ."

"Ta ló ń hanrun nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ọkọ mi ni."

"Irọ́! Èmi kọ́!"

"Ṣé kí n purọ́ fún ìjọba ni?"

Wọn á rẹ́rìn-ín títí. Ó ti rí òṣìṣẹ́ náà lọ́kàn rẹ̀, obìnrin onígíláàsì kan tí ẹ̀rín á bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bá dé orí ọ̀rọ̀ ìhanrun. Ó ti lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó fi ọ̀rá bò ó, ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìgbà tó fẹ́ dá lẹ́tà padà sínú àpòòwé ló rí ẹ̀yìn rẹ̀. Àmì àtàǹpàkò kan wà níbẹ̀, dúdú, ti epo gíríìsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà wà: 205/55/16.

Nọ́ńbà táyà ni. Ìyàwó mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì sẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé kan nínú òjò, òun ló sì na agboòrùn lé e lórí. Ọkọ rẹ̀ ń ka nọ́ńbà yìí gan-an sínú fóònù fún ẹni tó ń ta táyà, ó sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan tó fà yọ lápò. Ìwé náà ló wà lọ́wọ́ ìyàwó báyìí. Lẹ́tà tó pè é wà lápò ọkọ rẹ̀, òun sì ń na agboòrùn lé e lórí kó má baà rin.

Ó lọ bá ọ̀gá ibi iṣẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lọ.

Ẹsẹ̀ ọkọ nìkan ló rí, ìyókù wà lábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ jáde wá."

"Ìyàwó! Ṣé wọ́n ti tètè dá yín sílẹ̀ lónìí?" Ó yọ́ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá rí àpòòwé. Ó mú àkísà, ó ń nu ọwọ́. Ọwọ́ mọ́ tán, kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n ló ní ká ní sùúrù díẹ̀ ná, ni mo ṣe dá a padà fún wọn títí ọjọ́ fi kọjá," ló sọ níkẹyìn.

"Èyí tí mo ti ní láti ọdún mẹ́fà ńkọ́?"

"Wọ́n ní obìnrin tó bá ti gba ìwé, ìyẹ́ ló hù yẹn. Ṣé o rántí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi? Kò ju oṣù méjì tó gbà á lọ tó fi kó ẹrù."

"Ọkọ rẹ̀ ń lù ú. Ẹ ò lù mí rí."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Ṣé ó burú kí ẹ̀rù ba ọkùnrin?"

"Kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni ẹ fi san ẹ̀rù yín."

Ọkọ ká àkísà náà. "A ó tún un kọ. Èmi fúnra mi ni mo máa gbé e lọ. Wọ́n ní kò ju ọdún méjì lọ..."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyàwó, kò mọ ibi tó ti wá. Mẹkáníìkì kejì yíjú wo wọ́n lẹ́yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Bí o bá lọ, wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé mọ́," ni ọkọ wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́fà gbáko á ṣòfò."

Ìyàwó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó mọ àpá tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò yẹn, ìbéèrè kẹrìnlá ni. Ó mọ ọdún tí irin gé e, ó mọ ẹni tó gbé e lọ ilé ìwòsàn. Ká ní wọ́n bi í lánàá, kì bá tí ṣi ẹyọ kan. Ó gbé àpòòwé náà lé orí àpótí irin iṣẹ́, ó fi sípánà kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e.

"Mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ṣe mọ," ló ní. "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mò ń lọ bá ọmọ mi. Mi ò ní padà wá sọ́dọ̀ yín."