Orúnkún Kan Ilẹ̀ ní Evanston

Láti oṣù Kejì tí Firdaus ti wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kò ti dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Ariwo kò sí ńbẹ̀, ìjà kò sí. Bí ọmọ náà bá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wọn ní ìlú Skokie ní Amẹ́ríkà láàárọ̀, tó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," Sàláhúdéènì á kàn mi orí, á yíjú sí ife tíì rẹ̀. Firdaus á dúró díẹ̀ lórí orúnkún, bóyá ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí nǹkan kan, á dìde fúnra rẹ̀, á gbé báàgì. Sìmíátù ìyá rẹ̀ á wá máa fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé Woodridge, Abdulfatah àkọ́bí wọn ṣubú lórí pápá níbi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ti máa ń kọlu ara wọn ṣubú, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Àìsàn kan wà lára ọkàn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, títí kan Sàláhúdéènì tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń gbọ́ bí àyà àwọn arúgbó ṣe ń lù lójoojúmọ́. Ìyẹn ló dùn ún wọ eegun. Bàbá oníbàbá ló ń tọ́jú, ọmọ tirẹ̀ sì lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Firdaus ṣàlàyé títí ẹnu fi bó o: "Daddy, flag football ni. Nobody is tackling anybody. Flag la máa ń fà." Òótọ́ ló sọ. Eré àwọn obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Ọdún yìí gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Àsíá kékeré ni wọ́n ń so mọ́ ìbàdí. Bí alátakò bá ti fa ti ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù já, tàbí tí orúnkún onítọ̀hún bá kan ilẹ̀, fèrè á dún, ó parí síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń gbé e sá kiri. Ẹ má bi mí.

Ọmọbìnrin mọ́kàndínlógún ló kó ara wọn jọ, méjì péré ló ti gbá a rí. Àlòkù jẹ́sì àwọn ọkùnrin ni wọ́n wọ̀, èyí tó ń já lé wọn ní orúnkún. Ogójì sí òdo ni wọ́n fi nà wọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Ìkejì kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààwẹ̀ wọlé, Firdaus ń sáré pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ, òógùn rin híjáàbù rẹ̀ gbingbin nínú òtútù tó ń bó etí. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tí oṣù Kẹrin fi wọlé, wọ́n ti borí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìdíje kan ló kù. Bí wọ́n bá mú un, wọ́n á bá wọn dé àṣekágbá. Sìmíátù lọ wo gbogbo rẹ̀. Sàláhúdéènì kò yọjú sí ẹyọ kan.

Ará ilé ní inú ló ń bí i. Ará ilé kò mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Abdulfatah kú, ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀, bàbá sì ṣe àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe fún òun náà ní Ìwó: "Wàá dàgbà, wàá dogbó. Ìwọ lo máa sin mí, èmi kọ́ ni màá sin ọ́." Ọmọ ṣe àmín, ó mú bàtà, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, bàbá ló bu yẹ̀pẹ̀ lé ọmọ lórí. Láti ìgbà náà ni Sàláhúdéènì ti ń bẹ̀rù ẹnu ara rẹ̀. Bí Firdaus bá ti ń lọ sí pápá, àdúrà yẹn náà ló ń wá sí i lẹ́nu, á sì gbé e mì, nítorí ó dá a lójú pé bí òun bá sọ ọ́, ohun tó mú ẹ̀gbọ́n lọ á padà wá fún àbúrò. Àwọn dókítà ti yẹ ọkàn Firdaus wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní àrùn kankan. Ẹ̀rù kì í ka ìwé dókítà.

Ní àárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ gbá èyí tó kù náà, Firdaus ti jáde kí bàbá rẹ̀ tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Sàláhúdéènì darí ọkọ̀ sọ́nà ilé, ó sì bá ara rẹ̀ ní Evanston, níbi tí wọ́n ti ń gbá a. Ó jókòó sínú ọkọ̀ títí, kó tó wá bọ́ sílẹ̀. Kò lọ síbi tí èrò wà, kí Sìmíátù má baà rí i. Ìkángun pápá ló lọ dúró sí, lẹ́yìn ìlà funfun, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lára.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ló kù kí eré parí. Àmì mẹ́rin ni àwọn alátakò fi ń ṣíwájú. Bí ẹnì kan bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà funfun yẹn, àmì mẹ́fà ni. Wọ́n jù ú sí Firdaus, ó hán an. Ó bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó yẹ èkejì sílẹ̀, ó wá ń sáré bọ̀ ní etí pápá, kò sí ẹni tó lè bá a mọ́. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ó gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kò gbọdọ̀ rí bàbá rẹ̀ láàárọ̀ kó kọjá lóòró, orúnkún rẹ̀ kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ orí. Ó kúnlẹ̀, bọ́ọ̀lù láyà. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Fèrè dún.

Àsìkò ti tán. Àwọn alátakò fò sókè. Àwọn ẹgbẹ́ Firdaus ń sáré bọ̀, wọ́n káwọ́ lérí. "Fir! Get up! What are you doing?" Ọ̀kan ti ń sunkún. Yamaris, kóòṣì wọn, ló na ọwọ́ dá wọn dúró. Ọmọ Puerto Rico ni, láti inú ìdílé tó ń bọ òrìṣà ní ọ̀nà Lukumí, ẹ̀sìn tí àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé ọ̀hún. Ohun tó rí kò ṣàjèjì sí i.

"Leave her alone," ó ní. "She's greeting her elder." Ó kọjú sí Sàláhúdéènì. "Sir, in my house, the elder is the one who lifts you up. Don't leave her down there."

"Dìde, Firdaus," ni Sàláhúdéènì wí.

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn, Daddy. The whole season, ẹ ò dá mi lóhùn."

Omi dà lójú ọkùnrin náà níṣojú gbogbo èèyàn. "Mi ò bínú sí ọ. Mo ṣàdúrà fún Abdulfatah láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní òun ló máa sin mí. Ẹnu mi ni mò ń bẹ̀rù."

Bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Firdaus.

"Mo wà ní kitchen, Daddy. Mo gbọ́ ọ. He was smiling. Ó ní, 'Daddy ti bless mi, I'm good.' Ó mú àdúrà yín dání lọ. Èmi, kí ni mo ń mú lọ? Every single game, nothing. Bó gbà, bí ò gbà, ẹ ṣáà ṣe é fún mi."

Sàláhúdéènì kọjá ìlà funfun, ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀. Àdúrà ti Ìwó wá sí i lẹ́nu, kò lè sọ ọ́. Ó wá òmíràn.

"Ọlọ́run tí mo fi ẹ̀gbọ́n rẹ lé lọ́wọ́," ó ní, "òun náà ni mo fi ọ́ lé lọ́wọ́."

"Àmín," ni Firdaus wí.

Ẹ̀rù ṣì ń ba bàbá náà nígbà tó tẹ̀ síwájú, tó di ọmọ rẹ̀ lápá méjèèjì, tó sì gbé e dìde.