Aṣọ Ológbò Tí Mo Fọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ò fi bò fún mi lọ́jọ́ tí mo gbé ẹrù mi dé ilé wọn. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo àpótí mi, wọ́n wo ajá kékeré tí mo gbé sábíyá, wọ́n ní, "Ẹnì kan ni mo gbọ́ pé ó ń bọ̀."

Mo ní, "Bíńtín lorúkọ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í yọ èèyàn lẹ́nu."

"Mi ò béèrè orúkọ ẹ̀."

Ológbò kan wà lọ́dọ̀ wọn, dúdú, sísanra, tí wọ́n ti ń tọ́jú látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ìyálé ni mo sọ ọ́, lẹ́yìn wọn o, torí ó ń wò mí bí ẹni pé ọkọ ẹ̀ ni mo wá gbà. Mi ò tíì sọ Bíńtín kalẹ̀ tán tí Ìyálé fi gbá a létí. Bíńtín han, ó sì tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìtọ̀ náà, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọdún kejì tí ọkọ mi kú rèé, òun ló gbé ajá yẹn wálé, ẹsẹ̀ ẹ̀ náà lajá ọ̀hún ń sùn sí títí ẹ̀mí fi bọ́ lára ọkọ mi. Onílé ti ta ilé tí mò ń gbé mọ́ mi lórí. Ẹ̀gbọ́n mi mọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n wá dá ọjọ́ mẹ́rìnlá fún mi: bí ajá àti ológbò ò bá lè gbé pọ̀ kọ́jọ́ yẹn tó pé, ajá á jáde. Wọ́n ní èmi lè dúró. Wọ́n sì mọ̀ dáadáa pé ibi tí Bíńtín bá gbà jáde ni màá gbà, mi ò sì níbòmíì tí mo lè lọ.

Mo lọ bá dókítà ẹranko ládùúgbò, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ọwọ́ ẹ̀ kún fún ojú àpá. Ó ní, "Màmá, òórùn ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí kálukú wà ní yàrá tiẹ̀, kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn. Ẹ tẹ́ aṣọ kékeré síbi tí ajá ń sùn, ẹ tẹ́ òmíì síbi tí ológbò ń sùn. Láràárọ̀, ẹ pààrọ̀ aṣọ náà, kẹ́ ẹ gbé abọ́ oúnjẹ kálukú lé aṣọ ẹnì kejì. Tó bá di ọjọ́ kẹwàá, ẹ ṣílẹ̀kùn kẹ́ ẹ wò ó."

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ju aṣọ Ìyálé sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n á wá fi ẹ̀mú ìdáná gbé aṣọ Bíńtín lọ, wọ́n á na apá jìnnà bí ẹni gbé ẹyin iná.

Mo ní, "Ajá mi ò ní eégbọn o."

Wọ́n ní, "Wọn ò tíì jí ni."

Ọ̀rọ̀ tá a bá ara wa sọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ò kún ọwọ́. Tí mo bá wọ ilé ìdáná, wọ́n á bọ́ síta. Tí mo bá jókòó sí pálọ̀, wọ́n á rántí pé àwọn níṣẹ́ ní yàrá. Ó ti pẹ́ tá a ti ń bá ara wa yan odì bẹ́ẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo fi ṣe wọ́n. Èmi náà ò bi wọ́n. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló lágídí nínú ìdílé wa.

Ọjọ́ kẹwàá pé. Mo di Bíńtín mú, ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn. Ìyálé ò tiẹ̀ ronú. Ó fò mọ́ ajá mi lójú, Bíńtín já mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì gé ológbò jẹ létí. Àga ṣubú, ife fọ́. Nígbà tá a fi máa là wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ń kán létí Ìyálé, Bíńtín sì wà lábẹ́ tábìlì, ó ń gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ajá yẹn jáde."

"Ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́rin nínú èyí tẹ́ ẹ dá."

"Fi kó ẹrù ẹ̀."

Mo ní, "Inú àpótí kan náà lẹrù ẹ̀ àti tèmi wà." Mo wọ yàrá lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ mi. Inú ń bí mi débi pé mi ò ríran dáadáa.

Wọ́n ń wá nǹkan tí wọ́n máa fi nu etí ológbò. Aṣọ tó sún mọ́ wọn jù ni ti Bíńtín, èyí tó wà lábẹ́ abọ́ oúnjẹ Ìyálé. Wọ́n fọwọ́ fà á yọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ kàn án nìyẹn. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn dúró. Wọ́n wá bá mi ní yàrá, aṣọ náà wà nímú wọn.

"Ọṣẹ lèyí ń run. Ọṣẹ àti sítáàṣì."

Mo ní, "Mo fọ̀ ọ́ ni."

"O tún lọ̀ ọ́?"

"Mo lọ̀ ọ́."

"Ti ológbò mi ńkọ́?"

"Òun náà. Lójoojúmọ́."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Ogójì ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀. Aṣọ kì í gba ọwọ́ mi kọjá kí n má fọ̀ ọ́. Dókítà sọ̀rọ̀ aṣọ, ó sọ̀rọ̀ òórùn. Aṣọ nìkan lọwọ́ mi gbọ́. Ká má parọ́, ìtìjú náà wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè ní ọ̀bùn lẹ́nu ọ̀nà, ṣé aṣọ tí ajá sùn lé ló máa gbé fún wọn bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ mẹ́wàá ni ajá àti ológbò fi jẹun lórí ọṣẹ, kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kejì nínú wọn.

Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni wọ́n wí. "Nígbà tí màmá wa kú, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà lójú ọ̀nà. Mo dé, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wọn. O ti fọ gbogbo aṣọ wọn, o ti lọ̀ ọ́, o ti ká a jọ bíi ti oníbàárà. Mo fi imú kan gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ. Mi ò rí ẹyọ kan tó ń run màmá mi. Ọdún kọkànlélógún rèé, mi ò tíì dárí jì ọ́."

Mo gbaná jẹ. Mo ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lára aṣọ yẹn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi lè dìde. Ìgbẹ́ wà lára ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀. Màmá fúnra wọn ló bẹ̀ mí. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má bá àwọn nínú ẹ̀gbin, kí n má sì sọ fún yín láé. Mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Ẹ wá ń bá mi yan odì torí pé ó mọ́."

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ aṣọ Bíńtín lé itan wọn. Wọ́n ní, "Agbẹ̀bí ni mí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi nu ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ lára àwọn obìnrin tí mi ò mọ̀ rí. Ìyá tó bí mi nìkan lẹ̀yin méjèèjì ò jẹ́ kí n nù."

Mo gbé aṣọ tí mò ń ká sílẹ̀.

Wọ́n dìde. Wọ́n ní kí n tú ẹrù mi, ká ka ọjọ́ mẹ́rìnlá míì láti ọ̀la, kí n má sì rò pé àwọn ti dárí jì mí. Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo lọ tú ẹrù mi.