Arísìkí Àṣírù

“Ìyá Músílí, wọ́n ti pe ìrun o. Ẹ ò tíì ṣínu ni?”

Tonbra tí wọ́n jọ ń gbélé ló ń pe Ràdíátù láti yàrá kejì. Ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, dàbínù mẹ́ta wà nínú àwo, ọ̀fun rẹ̀ sì ti gbẹ. Àtìgbà tí ládàánì ti pe ìrun ní Amùkókò ló ti jókòó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Àṣírù, ọkọ rẹ̀ tó ń gbẹ́rù ní èbúté Tíńkáàn, jẹ sàárì tán, tó ní kí òun rẹjú díẹ̀, tí kò sì jí mọ́. Ràdíátù kò tíì sunkún. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ ló kú tipiri. Títí dé àná tí wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, àlejò ló ń bá a ṣínu. Lónìí, ó ku òun nìkan.

Ìtìjú ni ọ̀rọ̀ náà: kò mọ àdúà ìṣínu. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àṣírù fi ń ṣe é sókè, ti Ràdíátù ni “àmín”. Odidi abilékọ, àmín nìkan ló kọ́! Ní ọjọ́ orí rẹ̀ yìí, ta ni yóò bi léèrè?

Àṣírù pàápàá kì í ṣe é dáadáa. “Rísíkíkà” ló yẹ kó wí, “arísìkí” ló máa ń là mọ́lẹ̀, Yorùbá gidi láàárín Lárúbáwá. Ààfáà bá a wí títí, ó sú u. “Ọlọ́run mọ ohun tí mò ń tọrọ,” lèsì rẹ̀.

Tonbra gbé kọ́tìnì sókè, ó yọjú.

“Wetin happen? Ta lẹ̀ ń dúró dè?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, Tonbra. Àdúà yẹn.”

Wọ́n ní ògiri létí. Pákó lásán ló la àárín yàrá wọn, Tonbra onígbàgbọ́ sì ti gbé ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó jókòó. Ó kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀, bí Àṣírù ti máa ń ṣe.

“Aláúmọ̀ láka súmútù, wa alá arísìkí áfútárítù.” Ó wo Ràdíátù. “Àbí mo ṣì í?”

“Àmín,” ni Ràdíátù wí. Ẹkún sì dé. Ó mu omi náà tẹkúntẹkún títí ó fi tán.

“Tún un wí,” ó ní, “kí n kọ́ ọ. Má yí nǹkan kan padà níbẹ̀.”