Orúkọ Tí Títílọpẹ́ Lẹ̀ Mọ́ Áńpù

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn tírélà ẹrù tòkunbọ̀ náà, àfi bí ẹni pé gbogbo Òrè ló ya síbẹ̀. Àwọn kan ń fa fáànù, àwọn kan ń fa fíríìjì, obìnrin kan sì gun orí táyà, ó ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n òun. Láàárín èrò yẹn ni Títílọpẹ́ ti gbé àpótí dúdú kan mọ́ àyà, tó ń wá ibi tí yóò gbà jáde, ló bá gbójú sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wò ó láti òdìkejì. Ó ga, ó dúdú bí kóró iṣin, ó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ariwo kò dúró, ṣùgbọ́n etí Títílọpẹ́ kò gbọ́ ọ mọ́. Àyà rẹ̀ já, ó sì tún dùn, bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan ilẹ̀ gbígbóná.

"Sístà, ẹ gbà wá lọ́nà jọ̀ọ́!" Ẹnìkan fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. "Àbí ibí yìí lẹ fẹ́ ya fọ́tò sí?"

Nígbà tó fi máa wo òdìkejì padà, èrò ti gbé ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ.

Títílọpẹ́ ń bá Bùọ̀dá Saheed ta ẹ̀rọ orin tòkunbọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Saheed ló mọ ọjà tà, Títí ló ní etí. Tí ẹrù bá ti dé, òun ni yóò so ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ iná, tí yóò tẹ́tí, tí yóò sì sọ èyí tó yè àti èyí tó ti kú. Àpótí dúdú tó gbé wá lọ́jọ́ náà yè. Áńpù ni, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Ara rẹ̀ ti bó díẹ̀, wọ́n sì kọ DOLVAN síwájú rẹ̀, orúkọ tí Títí kò rí rí láyé. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi gìtá ògbólógbòó inú ṣọ́ọ̀bù dán an wò, ohùn tó jáde móoru, ó sì mọ́ gaara, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ síni létí láìpariwo.

"Dolvan?" Bùọ̀dá Saheed fi ẹsẹ̀ tì í. "Ta ló mọ bàbá ẹ̀?"

"Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ ná, Bùọ̀dá mi."

"Títí, wọn kì í ra ohùn ní Òrè yìí. Orúkọ ni wọ́n ń rà." Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú irin pẹlẹbẹ kan jáde. Orúkọ ńlá tí gbogbo onígìtá mọ̀ ló wà lára rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ lára áńpù kan tó ti jóná. "Yọ ti Dolvan kúrò, kó o lẹ èyí mọ́ ọn. Gbogbo wọn ló ń ṣe é."

Títí gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé irin náà sórí tábìlì, ó yí ojú áńpù náà sí ògiri, ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Kò wù ú láti ṣe é.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú ọjà o."

Òun ni! Ọ̀dọ́mọkùnrin onígìtá. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Títílọpẹ́.

Olúwagbémiga lorúkọ rẹ̀. Odìgbó ló ti wá, ó ń ta gìtá ní ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń ṣe oko kòkó ní Ajue. Ẹgbẹ́ akọrin ló dá owó jọ, tí wọ́n ní kó lọ ra áńpù wá. Ó dárúkọ irú èyí tó ń wá. Orúkọ ara irin orí tábìlì gan-an ni.

"Mo ti wọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù Òrè tán," ó ní. "Owó ọwọ́ mi kò tó o. Ibi tí wọn kò bá ti fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n lọ ra rédíò."

"Ṣé dandan ni kó jẹ́ orúkọ yẹn?" Títí bi í. "Áńpù tó dáa pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, wọn kò sì wọ́n."

Gbémiga mi orí. "Irú ẹ̀ ni mo rà tẹ́lẹ̀. Bàbá Alàgbà ìjọ wa ń gbàdúrà lọ́wọ́ ni áńpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Àwọn àgbà kan ní ẹ̀mí àìmọ́ ló jáde. Wọ́n ní bí mo bá tún gbé aláìlórúkọ wálé, kí n gbé gìtá mi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣé ẹ rí i? Gìtá yìí nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe tí inú bàbá mi fi ń dùn sí mi. Mo ti gbààwẹ̀ sí ọ̀rọ̀ áńpù yìí. Mo ti dárúkọ ẹ̀ fún Ọlọ́run."

Ó sọ ọ́ bí ọmọdé tó ń sọ ohun tí yóò gbà lọ́dún Kérésì. Títílọpẹ́ kò mọ ìgbà tó na wáyà sí i.

"Ẹ gbọ́ èyí ná."

Gbémiga so gìtá rẹ̀ mọ́ áńpù tó kọjú sí ògiri náà, ó di ojú, ó sì ta á. Karimat tó ń ta ṣájà fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kejì dákẹ́ ẹnu. Awakọ̀ kan tó ń pe èrò Àgọ́ Aláyè pàápàá gbàgbé láti pè.

"Èyí gan-an ni!" Gbémiga la ojú. "Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Gbémiga ń tàn, ìrètí kún inú rẹ̀, kò sì sí ọmọbìnrin tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò pa iná yẹn.

"Ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ padà wá," ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n nu eruku ara ẹ̀."

Bó ṣe lọ tán ni Títí yọ orúkọ DOLVAN, tó fi gúlúù lẹ irin orí tábìlì síbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbẹ. Saheed ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Gbémiga dé tó rí orúkọ náà, tó sì gbọ́ pé iye tí Saheed dá lé e kò ju owó ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù, ó kígbe Halelúyà. Àwọn ará gáréèjì bá a ṣe Àmín. Títílọpẹ́ nìkan ni kò lè ṣe é.

Ìfẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ bí ìfẹ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Gbémiga wá ra wáyà. Ó tún wá ra púlọ́ọ̀gì tí kò nílò. Ó wá béèrè bóyá òjò rọ̀ ní Òrè, nígbà tó jẹ́ pé òjò náà ló pa á dé ṣọ́ọ̀bù.

"Títí," Karimat ní, "Bùọ̀dá onígìtá yìí, ṣé kò sí púlọ́ọ̀gì ní Odìgbó ni?"

"Fi mí sílẹ̀."

"Mo ti fi ẹ́ sílẹ̀. Òun ni kò fi ẹ́ sílẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, ọkọ̀ ńláńlá ń kọjá lọ sí Benin. Gbémiga ní kó má pe òun ní "ẹ" mọ́, pé ó ti ń sọ òun di bàbá àgbà. Títí rẹ́rìn-ín, ó sì gbìyànjú rẹ̀ wò: "Ìwọ." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ.

"Lọ́jọ́ Àìkú ìdúpẹ́ ìkórè, mo fẹ́ jẹ́rìí," Gbémiga ní. "Màá dúró níwájú ìjọ, màá sọ pé mo dárúkọ áńpù kan fún Ọlọ́run, Ọlọ́run sì fún mi ní èyí tí mo dárúkọ gan-an. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ajue wá gbọ́ ọ. Kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ tí màmá mi ti kú."

Ẹ̀pà há Títílọpẹ́ lọ́fun. Gbémiga bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lẹ́yìn, ó ń pe Jésù.

Wọ́n tọ́ Títí dàgbà nínú ìjọ Aládùúrà. Ó mọ ohun tí ẹ̀rí jẹ́. Èèyàn lè ṣi orin kọ, ó sì lè sùn nínú ìsìn, àwọn àgbà á dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lẹ́sẹ̀ pẹpẹ tó sọ pé Ọlọ́run ṣe ohun tí kò ṣe, orúkọ rẹ̀ kì í mọ́ mọ́. Gbémiga, tí kò mọ nǹkan kan, ni yóò gbé irọ́ tí òun lẹ̀ lọ síbẹ̀, níwájú bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì kan bá sì ṣí áńpù náà, tó rí orúkọ DOLVAN tí wọ́n tẹ̀ sára irin inú rẹ̀, ta ni yóò gbà pé kò mọ̀?

Ó lọ bá Bùọ̀dá Saheed.

"Ṣé áńpù náà kò dún ni?" Saheed bi í.

"Ó ń dún."

"Ṣé ó rú èéfín?"

"Kò rú u."

"Inú ọmọ náà dùn, inú Ọlọ́run dùn, inú tèmi náà dùn. Kí ló wá kù?"

"Èmi ló kù," ni Títí wí.

Saheed wò ó, ó pòṣé. "Ìfẹ́ yóò ba ọjà mi jẹ́."

Títí gbìyànjú láti pe Gbémiga, ṣùgbọ́n ó ti bá bàbá rẹ̀ wọ oko lọ, ibi tí fóònù kì í ti í lọ dáadáa. Nígbà tó gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ní "Olólùfẹ́ mi," gbogbo ohun tí Títí tò jọ fò lọ. Ó ní kó kí bàbá. Ó pa fóònù, ó sì sunkún.

Ó kúkú kọ lẹ́tà. Èyí tó kọ́kọ́ kọ kún fún òṣùpá àti òdòdó. Nígbà tó kà á, ojú tì í, ó ya á. Kò sí òdòdó nínú ohun tó ṣe. Èyí tó wá kọ kẹ́yìn kúrú: "Gbémiga, áńpù rẹ kì í ṣe èyí tí o rò. Dolvan ni orúkọ ẹ̀, èmi ni mo yí i padà lẹ́yìn tí o lọ jẹun. Ohùn tí o gbọ́ kì í ṣe irọ́. Orúkọ nìkan ni irọ́. Mo fẹ́ kí inú ẹ dùn, mo sì gba ọ̀nà tó burú. Jọ̀ọ́, má jẹ́rìí sí i." Ó fi í sínú àpòòwé funfun, kò kọ nǹkan kan sí i lára, torí ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi fún un.

Lọ́jọ́ Àìkú, táyà ọ̀kadà tó gbé e láti Òrè bẹ́ lọ́nà. Nígbà tó dé Odìgbó, ìsìn ti wọra. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu géètì, ó wọlé, àpòòwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ojú wá Gbémiga lápá ibi tí àwọn akọrin wà ni ìyá kan tó wọ sútánà, Ìyá Jésùtọ́pẹ́, dìde pàdé rẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi! O kò pẹ́ jù. Mú un wá."

"Mà, kì í ṣe…"

"Ojú ń tì ẹ́? Kò sí ọpẹ́ tó kéré jù." Ìyá ti gba àpòòwé náà, ó ti rìn lọ síwájú, ó sì sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ọpẹ́ lẹ́sẹ̀ pẹpẹ, láàárín àwọn àpòòwé funfun mìíràn.

Nínú irú ìjọ yìí, wọ́n máa ń ṣí ìwé ọpẹ́ ni, wọ́n á kà á sétí gbogbo ènìyàn, kí ìjọ lè bá ẹni náà yọ̀. Bàbá Alàgbà Barnabas sì ti wọ awò ojú rẹ̀. Ó ti ka ti ìdílé kan tí ọmọ wọn là nínú jàǹbá ọkọ̀. Ó ti ń na ọwọ́ sí òmíràn.

Níbi orin, gìtá Gbémiga ń dáhùn ọpẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohùn áńpù náà ń wọ inú ènìyàn lọ. Lórí bẹ́ǹṣì iwájú, bàbá àgbàlagbà kan tó fi fìlà sórí itan jókòó, ó ń wo ọmọ rẹ̀, kò wo ibòmíràn.

Bí wọ́n bá ka lẹ́tà náà síta, Gbémiga ni gbogbo ojú yóò yí sí kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Títílọpẹ́ rìn lọ síwájú láìwọ bàtà, ó kúnlẹ̀. Orin dáwọ́ dúró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Àpòòwé kan wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn tí kì í ṣe ti Ọlọ́run."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Barnabas bọ́ awò.

"Ọmọ mi, kí ló wà láyé tí kì í ṣe ti Ọlọ́run?"

"Ẹnìkan ni mo kọ ọ́ sí, sà. Ó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ ni."

"Ohun tó bá ti wọ apẹ̀rẹ̀ yìí kì í padà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a. Ṣé owó ló wà nínú ẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ọpẹ́ ńkọ́?"

"Rárá, sà." Omijé ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀bi mi ló wà nínú ẹ̀."

Ẹ̀rín dá. Bàbá wò ó pẹ́, ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wá tì í sún mọ́ ọn.

"A kì í fi ẹ̀bi sínú apẹ̀rẹ̀ ọpẹ́. Mú un, kó o gbé e fún ẹni tó ni ín."

Títí mọ tirẹ̀, torí èyí nìkan ni kò ní àkọlé lára. Ó mú un. Nígbà tó dìde tó kọjú sí ibi tí àwọn akọrin wà, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í ta ara wọn nígbọ̀nwọ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Bùọ̀dá Gbémiga! Àṣé bó ṣe rí nìyí!"

Gbémiga ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó rò pé lẹ́tà ìfẹ́ ni. Ó bọ́ okùn gìtá lọ́rùn, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sútánà.

"Títí, kò lè dúró ni? Èmi ló kàn láti jẹ́rìí."

"Kò lè dúró," ni Títílọpẹ́ wí. "Kọ́kọ́ kà á ná."

Ó sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.