Fíìmù tí Èmi àti Ìyá Jọ Wò

Àbí kí n kàn kúnlẹ̀ ni? Kí n wọlé tọ Ìyá lọ ní pálọ̀ báyìí, kí n kúnlẹ̀, kí n ní ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ forí jì mí... Kí wọ́n wá bi mí pé kí ni mo ṣe. Kí ni n ó sọ? Pé mo dá sí ọ̀rọ̀ fíìmù? Ta ló ń kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ torí fíìmù?

Ẹ̀wà yìí ò tíì rọ̀. Jẹ́ kó máa sè.

Ọ̀la ni Àǹtí Láídé ń bọ̀ láti Ìpẹru. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyá bí nìyẹn, òun ni wọ́n fẹ́ bá lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sinmi. Sinmi kí ni? Ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti di ìyàwó ilé yìí, mi ò gbọ́ ọ rí kí Ìyá ní ó rẹ àwọn. Ìpẹru tí wọ́n bá lọ kí ọmọ tuntun, kílẹ̀ tó ṣú wọ́n ti padà sí Mákùn ní Ṣàgámù níbí, wọ́n á ní ibùsùn ẹlòmíràn ò bá àwọn lára mu. Àwọn náà ló wá fẹ́ kó aṣọ lọ síbẹ̀ báyìí. Tí wọ́n bá fi lè gbé báàgì kọjá ẹnu ọ̀nà ìta, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo Mákùn ni yóò gbọ́ pé Fàdìlàt fi ẹnu lé ìyá ọkọ rẹ̀ jáde. Bàbá Mọ́ṣúdù, ọkọ mi, ò tíì sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ láti Ọjọ́rú ló ti ń jẹun láìwo ojú mi.

Kì í tilẹ̀ ṣe ti ará Mákùn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ ni. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ràn ìyá yìí. Ta ni n ó máa bá wo nǹkan lọ́sàn-án? Bàbá Mọ́ṣúdù tó ń sùn kí orúkọ àwọn òṣèré tó kọjá tán?

Kí ni mo tiẹ̀ sọ gan-an... Jẹ́ kí n tún un rò, bóyá mo ti gbàgbé ibì kan.

Ọjọ́ Mọ́ńdè la wo fíìmù yẹn, èmi àtàwọn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọjọ́ Túsìdeé, a wà ní ìsọ̀ obì góórò lẹ́yìnkùlé, gbogbo àwa obìnrin ilé, a ń bó góórò tí Alàájì Yúnúsà fẹ́ kó lọ sí Kánò. Bí ọwọ́ bá ti ń bó góórò, ẹnu náà gbọ́dọ̀ ríṣẹ́ ṣe. Fíìmù la fi máa ń fún un níṣẹ́. Èyí tí kálukú wò nílé lánàá, a ó gbé e wá síbẹ̀: ta ló ṣe dáadáa, ta ni kò yẹ kó fẹ́ ta, ta ni ìyà tó jẹ ẹ́ kò tíì tó. Èmi ni olórí ẹlẹ́nu. Àǹtí Ọmọ́yẹni, tó dàgbà ju gbogbo wa lọ tá a bá yọ Ìyá kúrò, a máa sọ pé níwọ̀n ìgbà tí èmi bá wà láyé, òun ò ní ra tẹlifíṣọ̀n. Inú mi sì máa ń dùn sí i. Mi ò purọ́, inú mi máa ń dùn gan-an ni.

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní fíìmù àná wu àwọn. Wọ́n ní ohun tó dùn mọ́ àwọn jù ni bí ìyàwó yẹn ṣe gba ẹ̀bẹ̀ ọkọ rẹ̀ nígbẹ̀yìn, tó ti ilẹ̀kùn ilé wọn pa, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ayé wọn lákọ̀tun.

Bẹ́ẹ̀ kò gba ẹ̀bẹ̀ kankan! Ọkùnrin yẹn bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó pe oríkì rẹ̀, obìnrin náà ò dá a lóhùn rárá. Ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé orí tábìlì, ó gbé báàgì, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkùnrin náà sẹ́yìn. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó parí.

Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi ló le jù, mo tiẹ̀ ń fọwọ́ gbá itan. Mo ní Ìyá, ṣé oorun lẹ sùn ni àbí fíìmù mìíràn lẹ̀ ń wò? Mo ní obìnrin ti lọ o, ó ti lọ pátápátá. Èyí ì bá tó. Kí ni mo tún ń wá kiri tí mo fi ń bá ọ̀rọ̀ lọ... Ẹnu mi, ẹnu mi yìí. Mo ní, ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. “Obìnrin tó bá ti rí i pé òun ò wúlò mọ́ nínú ilé, kó má dúró dìgbà tí wọ́n máa lé e. Kó di ẹrù rẹ̀ wọ́rọ́wọ́.”

Áà.

Ìyàwó inú fíìmù ni mo ń bá wí. Mo fi Ọlọ́run búra, òun ni. Ṣùgbọ́n Àǹtí Ọmọ́yẹni wúkọ́, ó ní òkò ọ̀rọ̀ rèé o. Ó fi ṣeré ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti balẹ̀. Bá a sì ṣe ń ṣe é ní agbo ilé yìí nìyẹn lóòótọ́, ìyàwó kankan kì í sọ ọ́ lójú ìyá ọkọ. Èèyàn á wá ẹnì kan nínú ìtàn, á kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lé onítọ̀hún lórí, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ á sì mọ ara rẹ̀. Ká ní èmi ni wọ́n sọ ọ́ sí, ohun tí n ó rò náà nìyẹn.

Ọwọ́ Ìyá dúró lórí góórò. Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ kírun, wọn ò padà wá sí ìsọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ tí wọ́n ń bá Àǹtí Láídé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn wọn ò lọ sókè, pé kó wá mú àwọn lọ́jọ́ Sátidé.

Ṣùgbọ́n kí ló dé... Ohun tí kò yé mi nìyí. A ti jà lórí fíìmù tó pọ̀ ju èyí lọ. Olè kan wà tá a wò lóṣù tó kọjá, mo ní ojú rẹ̀ nìkan ti tó láti gbé e lọ sẹ́wọ̀n. Ìyá ní irọ́ ni, wọ́n ní kí n fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù, ẹni tí ohùn rẹ̀ tutù báyẹn ò lè jalè láìnídìí. Odindi ọjọ́ méjì la fi fa olè yẹn mọ́ra wa lọ́wọ́! Mo pè wọ́n ní lọ́yà olè, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Wọn kì í bínú. Ìyá kì í bínú sí èrò ẹnikẹ́ni lórí fíìmù.

Bàbá Mọ́ṣúdù ló máa ń bínú. Òun ni kì í fẹ́ jókòó tì wá. “Ẹnu rẹ ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.” Òótọ́ ni, mi ò lè wo nǹkan kí n dákẹ́. Ó ti mú ọ̀bẹ o. Ó ń yọ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ wo irú aṣọ tó wọ̀ lọ sílé òkú. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò mọ̀gbà tí mò ń ṣe é. Ìyá ló máa ń gbèjà mi. “Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó máa sọ ọ́.”

Ẹ̀wà ti rọ̀. Jẹ́ kí n bu tiwọn.

Mò ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n láti pálọ̀. Àwọn ọkùnrin ń jà, ẹnì kan ń pe ọlọ́pàá... Wọ́n ti tàn án fúnra wọn. Ó dára, ó dára gan-an, ẹni tí inú ń bí kì í wo fíìmù. N ó gbé àwo kalẹ̀, n ó kúnlẹ̀, n ó ní Ìyá, ẹ ò ṣe pè mí kó tó bẹ̀rẹ̀? Ká bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. N ó ní ta ni wọ́n fẹ́ pa? Wọ́n á dá mi lóhùn. Wọ́n á...

Kò sí àwòrán.

Tẹlifíṣọ̀n dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ti tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà Ààwẹ̀, tí àwòrán á lọ tí ohùn á kù, táá fi di ìgbà tá a bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó padà. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n kọjú sí i. Wọ́n ń wò ó. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú dúdú yẹn, wọ́n mi orí. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí nǹkan tí ó sọ. Báàgì wà lórí itan wọn, ọwọ́ wọn ń lọ lára síìpù rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ẹ̀wà. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín wa. Wọn ò pè mí. Fíìmù ń pariwo, wọn ò gbọ́ ẹsẹ̀ mi... wọn ò sì rí mi.

Ìyá ò rí mi.

Láti ìgbà wo? Ọmọdé ló ń bá wọn fi òwú sí abẹ́rẹ́, ìyẹn ti pẹ́, ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí wọn. Ìyàwó Lèmọ́mù tó ní Ìyá ti ń gbéraga, pé tóun ò bá kọ́kọ́ kí wọn, wọn ò ní kí òun... Mo bá obìnrin yẹn fa wàhálà torí ẹ̀! Ọ̀sán tí wọ́n ń pè mí sí pálọ̀. Wọ́n á ní kí ló ń ṣe báyìí, Ìyá Mọ́ṣúdù? Èwo ló wọlé yẹn? Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbọ́ èrò mi ni. Mo rò pé èrò mi dùn létí wọn. Wọ́n ń fi ẹnu mi wo fíìmù ni, lójoojúmọ́, èmi ò sì mọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí obìnrin yẹn bọ́ òrùka, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹkún ló gbà mí lẹ́nu. Mò ń fi ìborùn nu ojú, mo dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀, wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gbọ́ orin. Èmi náà ì bá rò pé wọ́n ti rẹ́ ni.

Agbọ̀n góórò... Ọlọ́run mi, agbọ̀n góórò yẹn.

Èyí tí Alàájì dá padà láti Kánò, tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Kàúsárà, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ni wọ́n dá lẹ́bi, torí òun ló bó o. Bàbá Mọ́ṣúdù bá a wí lójú gbogbo èèyàn, ọmọbìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bẹ́ẹ̀ Ìyá ló ń ṣà á kẹ́yìn. Gbogbo góórò tó bá fẹ́ kúrò ní ìsọ̀ wa, ọwọ́ Ìyá ló ń gbà kọjá kí wọ́n tó fi ewé bò ó, kò sì sẹ́ni tó ń tú u wò lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá tún ọwọ́ Ìyá yẹ̀ wò, ó ti bú wọn nìyẹn. Ìka àtàńpàkò wọn ló ń lọ lára góórò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo wa ń wò wọ́n, a ń ní iṣẹ́ àgbà rèé. Ìyá dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń bú Kàúsárà. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ra ìborùn tuntun fún un. Mo jowú ìborùn yẹn. Mo ní ẹni tó ba ọjà jẹ́ ni wọ́n ń ra aṣọ fún nílé yìí.

Ó dùn wọ́n. Ó ti ń dùn wọ́n láti ìgbà náà, wọ́n ń gbé e kiri nínú ilé yìí, níwájú èmi tí mo ń rí gbogbo nǹkan. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní ọsibítù, mo mọ̀, ní Ṣàgámù níbí náà, wọ́n ṣe ti ìyá Adéwọlé tó ń gbé ojúlé kejì. A ó bẹ̀rẹ̀ síbì kan. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi? Èmi tí a jọ ń jókòó. Èmi tí wọ́n lè sọ fún ju Àǹtí Láídé lọ, ju ọmọ wọn ọkùnrin lọ...

Sọ fún mi kẹ̀. Èmi.

Èmi tí ohunkóhun tí mo bá rí nílé lónìí, ó di dandan kó dé ìsọ̀ lọ́la. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń kó lọ síbẹ̀, mo ń sọ ọ́, mo ń ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì gbọ́ bí mo ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Túsìdeé. Wọn ò rí ojú mi, ẹ̀rín yẹn nìkan ni wọ́n gbọ́. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta wá ohun tó bí wọn nínú, bẹ́ẹ̀ inú ò bí wọn rárá. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ̀rù èmi ni. Wọ́n ń sá lọ sí Ìpẹru kí n tó rí wọn.

Mo sì ti rí wọn báyìí.

Ẹnì kan pariwo nínú tẹlifíṣọ̀n, ni gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́. Ìyá gbé orí sókè. Wọ́n yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, síbi tí mo dúró sí, ṣùgbọ́n kò kàn mí, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Bóyá òórùn ẹ̀wà ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọwọ́ wọn ti di báàgì mú. Wọn ò béèrè ta nìyẹn. Wọn ò fẹ́ béèrè.

Mo gbé àwo kalẹ̀. Mo rìn lọ, mo jẹ́ kí bàtà mi dún nílẹ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí èjìká mi fi kan tiwọn.

“Èmi ni, Ìyá. Èmi nìkan ni.”