Ọjọ́ Kẹrin Ni Màmá Ń Relé

Òfin adójútòfò ìjọba, tó ń sanwó ìwòsàn, ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́rin lọ ní ilé ìwòsàn kékeré. Bó bá pé ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n gbé e lọ sí ti ìlú ńlá, tàbí kó máa lọ sílé rẹ̀. Bàbá, káfíńtà àgbà kan, kò ní gbà kí wọ́n gbé màmá, ìyàwó rẹ̀, lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ pé kì í mu omi tútù. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ kẹrin ni yóò gbé e, tòun ti egungun ìbàdí tó ṣẹ́, sórí ọmọlanke tó fi tìmùtìmù tẹ́, yóò tì í lọ sílé. Bílẹ̀ bá mọ́, yóò tún tì í padà gẹ́gẹ́ bí aláìsàn tuntun.

Òkúta ojú ọ̀nà kò mọ àgbà. Bí táyà bá gun ọ̀kan, màmá a figbe ta.

"Ṣé ẹ fẹ́ ṣẹ́ èyí tó kù náà ni?"

"Má bínú, olorì mi."

"Olorì tó ń gun ọmọlanke!"

Àmọ́ bí wọ́n bá ti délé, orí ibùsùn ni yóò ti máa yẹ ilé wò bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Ta ló kó aṣọ sórí àga? Kí ni ayùn ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò? Kò mọ̀ pé ọjọ́ kẹrin nìkan ni ọkọ òun ń fọ abọ́.

Lọ́jọ́ kan tí bàbá wá gbé e, nọ́ọ̀sì àgbà fẹ̀rín pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ yí ọmọlanke yín padà. Ìjọba ti dẹ òfin yẹn fún àwọn ilé ìwòsàn kékeré bíi tiwa. Wọ́n á máa sanwó títí ara màmá á fi yá."

Bàbá ṣí fìlà, ó dúpẹ́. Màmá nìkan ló fajú ro.

"Ta ló máa wá bá mi ṣọ́ ilé?"

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí mò ń ṣọ́ gan-an!"

Bàbá ti ọmọlanke òfìfo relé. Ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí òkúta, kò sẹ́ni tó bú u. Abọ́ tó ti fọ̀ láti àárọ̀ ń dán lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tí yóò wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá padà sí ilé ìwòsàn, kò tíì jókòó tán tí màmá fi bi í:

"Ṣé ẹ fọ abọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́."

"Ta ló rí i?"

Bàbá fa àga mọ́ ibùsùn, ó yọ abọ́ kan nínú àpò, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Màmá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀," ló wí. "Ẹ mú òmíràn wá lọ́la."